Ẹni Tí Káàdì Àbíkẹ́yìn Kò Dárúkọ

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí eyín rẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ara Bàbá le níhìn-ín, àfi ojú wọn. Dókítà ojú ní ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, èkejì sì ń tẹ̀ lé e. Mo ti kí yín tán nìyẹn o, nítorí inú ń bí mi, ẹ̀yin gan-an ni inú sì ń bí mi sí. Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná kí ẹ tó máa kà á lọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ àtijọ́ yẹn lọ́wọ́ káfíńtà kan ni mo ti ń sọ fún yín pé Àbíkẹ́yìn ilé wa ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ lórúkọ nígbà tí Bàbá wà á wọlé kété lẹ́yìn ìbí mi, ẹ ní èmi náà ti ní àbúrò. Inú ilé wa nìkan ni orúkọ yẹn mọ. Inú ọkọ̀ yẹn ni Bàbá ti kọ́ ìdajì àwọn awakọ̀ àdúgbò yìí, títí ilé-ìwé awakọ̀ wọn fi kógbá sílé tí wọ́n sì ta ọkọ̀ náà fún dókítà eléyín. Mo kàn fẹ́ kí Bàbá fi ìwọ̀nba ojú tó ṣẹ́ kù rí i ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ Bàbá. Mo gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò jáde. Wọ́n ní Àbíkẹ́yìn ti di pàǹtí irin tipẹ́tipẹ́, pé ẹnì kan ló lù mí ní jìbìtì. Mo sọ fún wọn nípa ihò méjì tó wà nílẹ̀ ọkọ̀, níwájú ìjókòó olùkọ́, níbi tí pédà bíréèkì kejì wà láyé ọjọ́un. Wọ́n ní ta ni kò lè lu ihò? Wọ́n ní kí n lọ mú ìwé wá, kí n to gbogbo ẹni tó ti ní ọkọ̀ náà láti orí àwọn dé orí mi láì fo ẹnì kankan, nígbà náà làwọn á dìde. Ṣé ẹ̀yin ni n óò máa sọ fún bí Bàbá ṣe le tó? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ẹ kò yege, tí wọn ò fọwọ́ sí ìwé tí ẹ fẹ́ fi gba láísẹ́ǹsì, ẹ̀yin ọmọ bíbí inú wọn, títí ẹ fi bínú kúrò nílé.

Ẹ̀gbọ́n, ojú mi rí màbo. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ní àwọn káàdì àtijọ́ kò sí lọ́dọ̀ àwọn mọ́, kí n lọ sí ilé alájà méjì tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ panápaná. Mo débẹ̀, ọ̀gá tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ fún ìsinmi. Ó dé, ó ní nọ́ńbà tí mo mú wá ti di àtijọ́, pé ìjọba ti pààrọ̀ gbogbo nọ́ńbà nígbà kan, kí n lọ gba ìwé tó so ti àtijọ́ mọ́ tuntun ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀! Akọ̀wé tó wà ní fèrèsé ibẹ̀ ń gé èékánná rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣàlàyé, nígbà tí mo parí ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí wọ́n jàjà gbé páálí káàdì síwájú mi, omi òrùlé ti rin ín gbingbin. Ṣe ni mò ń ya káàdì lára káàdì bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ojú mi sì ń ta mí bákan náà.

Mo rí i ṣá. Nọ́ńbà ara irin ọkọ̀ bá ti orí káàdì mu géérégé. Orúkọ Bàbá ló ṣáájú, ti dókítà eléyín tẹ̀ lé e, ti káfíńtà wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà kọ́ ló tà á fún káfíńtà. Ẹnì kan wà láàárín, ibi tó sì yẹ kí orúkọ onítọ̀hún wà, ìlà lásán ni akọ̀wé fà síbẹ̀. Bàbá ní àlàfo tí àwọn ń wí nìyẹn, pé inú irú rẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ ti ń fá nọ́ńbà ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tẹ òmíràn sí i. Dókítà ti di olóògbé, káfíńtà ní òun kò rántí ẹni tó ta ọkọ̀ fún òun. Mo pè yín lórí fóònù. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tí mò ń wá ti kú.

Ó ti kú, àbí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo padà sílé káfíńtà, ìyàwó rẹ̀ ni mo bá. Òun rántí dáadáa. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló wá tà á, pé ó yípo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan, kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìyẹn kò jọ mí lójú, gbogbo ẹni tí Bàbá kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin náà gbá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́, ó ní, "Àbíkẹ́yìn, ó dìgbà o," omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n! Mo jókòó lé pákó káfíńtà. Ẹ̀yin tí mò ń ròyìn gbogbo wàhálà mi fún ni mò ń wá! Ẹ ra ọkọ̀ padà lọ́wọ́ dókítà, mo sì mọ̀ pé Bàbá lẹ rà á fún. Àmọ́ ọ́fíìsì kì í fi ọkọ̀ sórúkọ ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì, ojú sì ń tì yín láti wà á wá síwájú Bàbá bẹ́ẹ̀. Pé ẹ tà á kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa bẹ akọ̀wé tó ń gé èékánná.

Mo sọ fún Bàbá. Mo rò pé wọ́n á bú gbàmù. Ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n bi mí bóyá nítorí láísẹ́ǹsì ni ibẹ̀ fi ṣófo. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Èmi ni mo dá àlàfo yẹn sílẹ̀ nìyẹn." Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n jáde, wọ́n yípo Àbíkẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ wọn ń wá táyà. Mo ṣílẹ̀kùn awakọ̀ fún wọn, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ jókòó sí ìjókòó olùkọ́. Mo bọ́ sí ìjókòó awakọ̀, mo ní kí n gbé wọn yí àdúgbò ká díẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀, pé èmi ti ní láísẹ́ǹsì tèmi.

Ọ́fíìsì ní bí ẹ bá wá fọwọ́ síwèé, àwọn á kọ orúkọ yín sórí ìlà yẹn. Bàbá kò tilẹ̀ béèrè ìyẹn mọ́. Wọ́n ní kí n pe wẹ́dà kó jó pédà bíréèkì olùkọ́ padà sórí ihò méjèèjì, nítorí ẹni tí àwọn ń retí kì í tètè tẹ bíréèkì. Wẹ́dà ti ṣe é lánàá. Bàbá ti fẹsẹ̀ dán an wò, wọ́n ní ó mú.

Ẹ bá mi kí Ìyàwó wa, ẹ bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Inú ṣì ń bí mi sí yín o. Ṣùgbọ́n ẹ tètè máa bọ̀, ojú kan ṣoṣo tó kù yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ ọwọ́ yín lórí sitíárì.

Èmi àbúrò yín tí ẹ rán ní iṣẹ́ wíwá ara yín,
Oníbéèrè