Ìgúnpá Òsì Ni Mo Fẹ́ Rí

Ìlobù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kejì, 2025.

Olúwafisáyọ̀, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé òtútù Ireland kò mú yín jù, àti pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò gba gbogbo okun ara rẹ. Ara tiwa le níbí. Ọyẹ́ nìkan ló ń bá wa jà.

Kí n tó sọ ohun tó ń bí mi nínú, jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí o bá mi yá, torí ìwọ fúnra rẹ kò tú àpótí rẹ̀ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fèrè ìgúnpá ni fèrè àwọn ará Ireland tí a kì í fi ẹnu fun. Ẹwìrì kékeré kan wà lábẹ́ apá ọ̀tún, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná; ìgúnpá ọ̀tún la fi ń tẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn rẹ̀ á wọ inú àpò kan tó wà lábẹ́ apá òsì; ìgúnpá òsì á máa fún àpò náà, atẹ́gùn á sì gba inú fèrè tí ìka wa wà lórí rẹ̀ jáde. Lórí fèrè yẹn ni ahọ́n rẹ̀ wà: abala esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n dì pọ̀, tí wọ́n kojú síra wọn. Ahọ́n yìí kò gbọdọ̀ kan omi tàbí itọ́ rárá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe sọ pé mo ń wá ẹni tí yóò ràn mí lọ́wọ́, gbogbo èèyàn ló ní kí n lọ bá Kingsley, ọ̀gá àwọn afunfèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń fun sasofóònù. Ó wá sílé lọ́jọ́ Sátidé kan, ó yọ ahọ́n fèrè náà, kí n tó la ẹnu ó ti jù ú sẹ́nu bí ẹni ń lá suwíìtì. Mo pariwo. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá Dípọ̀. Kò sí ahọ́n fèrè tí kì í mu itọ́." Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni fèrè fi yadi. Ohun tó mọ̀ ló ṣe, n kò lè pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n ahọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, Fisáyọ̀.

Ìwọ náà sì mọ àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn afunfèrè ìgúnpá tó yá wa ní fèrè náà: bí n kò bá gba ohùn orin kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n fi ránṣẹ́ sí wọn kí oṣù kẹta tó parí, a ó dá a padà fún ẹni tó kàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ eyín àtọwọ́dá, n kò tíì kọ́ nǹkan kan tí kì í ṣe torí oúnjẹ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, tí ọkùnrin kan fun irú fèrè yìí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ kò kúrò létí mi. N kò fẹ́ kí fèrè náà kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo bi àwọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí n wá olùkọ́ tó wà nítòsí mi. Ìtòsí wo? Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àbí Òṣogbo? Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ mi lórí fídíò fóònù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìka mi ló ń wò, ìka tirẹ̀ náà ló sì ń fi hàn mí. Gbogbo ohun tí mo bá fun ló dára lójú rẹ̀. Mo ní ohùn òkè kì í jáde, ó ní kí n fún àpò náà sí i díẹ̀. Mélòó ni díẹ̀? Níbi iṣẹ́ tèmi, bí eyín tí mo ṣe bá fi ìnípọn irun orí kan ga ju bó ṣe yẹ, ẹni tó fi sẹ́nu kò ní lè jẹun. A máa ń wọ̀n ọ́n ni. Ta ni yóò bá mi wọn èyí?

Ọmọ́wùnmí ìyàwó mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó bá mi ní pálọ̀ tí mo há àpò mọ́ abíyá, ó ní, "Bàbá Démiládé, ewúrẹ́ ta lẹ ń fún lọ́rùn?" Òun náà ló sọ pé bó bá jẹ́ ẹwìrì ló ń yọ mí lẹ́nu, kí n lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ ní Ìfọ́n.

Mo lọ. Bàbá Sàlàkọ́ alágbẹ̀dẹ nawọ́ sí fáànù oníná tó fi ń fẹ́ná báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé, eku ti jẹ awọ ẹwìrì tèmi tán. Àwa ti lajú, ẹ̀yin wá ń padà sẹ́yìn!" Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Sàídátù, tó fi ẹwìrì fẹ́ná fún baba rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, ló ní kí n fun ún kí òun rí i. Kò tilẹ̀ wo ìka mi. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ ń jẹ́ kí atẹ́gùn tán kẹ́ ẹ tó wá òmíràn, ẹ sì ń já apá lulẹ̀ bí ẹni ń gún iyán. Bó bá ku ìdajì ni kẹ́ ẹ ti gbé e sókè. Kẹ́ ẹ sì rọra." Ó di apá ẹ̀wù mi mú, ó ń gbé e sókè, ó ń fà á wálẹ̀, fún bí ìdajì wákàtí. Fisáyọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ dúró gbọọrọ, kò gbọ̀n! Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eérú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í nípa apá òsì, ó ní ẹwìrì baba òun kò ní àpò, òun kò sì ní purọ́ fún mi. Ohùn òkè ṣì kọ̀ jálẹ̀, orin náà kò sì ṣe é fun láìsí i. Ìyìn ti tó mi. Ó ku ẹni tí yóò jẹ́ kí n rí ìgúnpá òsì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Má bínú bí lẹ́tà yìí bá korò. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní dúró lábọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ rẹ kò ní ṣàìsàn, ojú wa yóò sì tún ríra láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé rẹ,
Ọládiípọ̀.

Àfikún: Bí o bá dé ìpàdé ẹgbẹ́ wọn lọ́jọ́bọ̀, jókòó sí apá òsì ẹni tó mọ̀ ọ́n fun jù. Gbé fóònù rẹ sí ọ̀gangan ìbàdí rẹ̀, kó jẹ́ àpò àti ìgúnpá òsì nìkan ni yóò wà nínú fídíò. Ní kó fun ohùn ìsàlẹ̀, kó bọ́ sí ohùn òkè, lẹ́ẹ̀mẹwàá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má gé ibì kankan kúrò níbẹ̀. Bí o bá ti yà á tán ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.