Òkúta Tó Wá láti Ìdí Ìkòkò

                                                  Àgọ́ Ewúrẹ́ Ouma Petrina,
                                                  Ọ̀nà Khorixas,
                                                  Namibia.
                                                  Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Ògún, 2019.

Ottilie, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Hendrik, mo kí ọmọbìnrin yín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣé ara le? Ṣé òtútù etí òkun kò tíì wọ̀ yín léegun? Iṣẹ́ ẹja ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ tó bó lọ́jọ́sí ti jinná? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Afẹ́fẹ́ oníyanrìn fẹ́ ká òrùlé wa lọ, ewúrẹ́ kan bímọ sínú òtútù, ọmọ náà sì kú, ṣùgbọ́n àwa ènìyàn wà láàyè. Ara màmá rẹ, Màmá Lena, le koko bí igi. Àná gan-an ni wọ́n ṣì bá mi wí pé tíì mi kò dúdú tó. Nítorí náà, má ṣe jáyà nígbà tí o bá rí i pé ìwé yìí gùn. Kò sẹ́ni tó kú. Inú ló ń bí mi, inú mi sì tún ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

O mọ̀ pé ojú Ouma Petrina ti ń lọ. Láti ìgbà òjò tó kọjá, ìyá àgbà mi kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ewúrẹ́, ohùn ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn. Àwọn dókítà ojú tí wọ́n máa ń wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, nọ́ọ̀sì sì ti bá wa gba àyè sílẹ̀ fún Ouma. Ó ní wọ́n á ṣí ohun tó bo ojú náà kúrò, pé bó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, ó lè má ṣeé ṣí mọ́. Ouma gbà. Kìkì pé wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kan ojú àwọn láìjẹ́ pé àwọn kọ́kọ́ lọ ju òkúta fún Haiseb, akọni ayé àtijọ́ wa tó ń ṣọ́ arìnrìn-àjò.

N kò bá wọn jiyàn. Ta ni nínú wa tó ti rìnrìn àjò gidi rí láì yà síbi òkìtì òkúta rẹ̀ yẹn? Lọ́jọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ń lọ sí Walvis Bay, èmi ni mo gbé àpò rẹ dání nígbà tí ò ń ṣa òkúta kiri bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tí ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè, tó ń bú wa. Ẹni tó bá ń kọjá a ju tirẹ̀, a sọ ohun tó ń wá fún Haiseb, a sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Ní ọjọ́rú, Immanuel ẹ̀gbọ́n mi so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù, a gbé Ouma jókòó sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó di ọ̀nà. O kò tíì débẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọgbà tí àwọn àlejò ń wá wò. Wọ́n ti fi wáyà yí i ká. Òkè dúdú yẹn ṣì wà bí ààrò tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí rẹ̀. Àwọn òpó òkúta inú odò gbígbẹ náà ṣì wà, tí wọ́n tò ṣìkítí bí igi ìdáná, níbi tí èmi àti ìwọ máa ń sá pamọ́ sí tí ewúrẹ́ á fi sọnù. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé iná ló tú jáde láti inú ilẹ̀ kí ènìyàn tó dáyé, tí ó yọ́, tí ó sì dì. Ouma ní Haiseb ló ń se ẹran tó gbàgbé láti pa iná. Bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí a dé ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, mo fa Ouma lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń da iyanrìn sí wa lójú, mo tẹrí ba, gèlè wọn tó ń tú ni mo ń bá wọn so. N kò gbójú sókè. Ouma sọ ti ẹnu wọn fún Haiseb, wọ́n sì ju òkúta. O mọ bó ṣe máa ń dún, Ottilie. Kọ̀! Òkúta bá òkúta. Lọ́jọ́ yẹn, pù ló dún.

Ouma dúró gbagidi. "Hulda, ibo lo mú mi wá?"

"Ibi tá a máa ń wá náà ni, Ouma."

"Irọ́ lò ń pa. Iyanrìn ni mo gbọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó wòkè. Kò sí òkìtì. Òkìtì tó ga tó àyà ọkùnrin, tí a bá níbẹ̀, tí àwọn òbí wa bá níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tú u ká sínú odò bí ẹni da pàǹtí nù. Mo pariwo débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fà sẹ́yìn.

Ariwo mi ló mú ọ̀gá ọgbà jáde. Gerson Xoagub lorúkọ rẹ̀, ọmọ tiwa ni o, ṣùgbọ́n Windhoek ló dàgbà sí, ó sì ń sọ èdè wa bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé àwọn àlejò máa ń to òkúta lé ara wọn kí wọ́n lè ya fọ́tò, pé wọ́n ti tò ó káàkiri, wọ́n ń ba ilẹ̀ jẹ́, alángbá kò sì rílé gbé mọ́. Ló bá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti gúúsù tú gbogbo rẹ̀ ká.

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀? Títí kan eléyìí?"

"Àǹtí, mo rò pé tiwọn náà ni."

Ṣé o gbọ́? Òkìtì Haiseb ló rò pé àlejò tó wá ya fọ́tò ló tò ó! Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé ẹ̀rín gbé mi.

Ouma kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Xoagub, Mà. Apá ibí ni wọ́n ti bí bàbá mi."

"Ta ló bí bàbá ẹ?"

"Ouma Katrina, Mà."

"Katrina onímú gígùn? Ìwọ náà gba díẹ̀ níbẹ̀, àbí? Ó dáa. Òkúta Katrina wà nínú ohun tó o tú ká yẹn. Nígbà tó gbé oyún bàbá ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ló jù ú. Èmi ni mo bá a ṣà á, torí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbà kí ẹ tún kó o jọ, kí ni mo fẹ́ sọ fún àlejò tó bá tún bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀?"

Mo ní, "Sọ fún un kó lọ kó o jọ nílẹ̀ bàbá tiẹ̀!"

Ojú rẹ̀ le. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gbé òkúta kan kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ọgbà òun kò ní wọ ibẹ̀ mọ́, pé ó wà lára pátákó gàdàgbà.

Ouma ní, "Mi ò rí pátákó." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Mú mi lọ sílé. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé mi ò wá mọ́."

Ottilie, mo bẹ̀bẹ̀, mo kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì pè lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há. Pásítọ̀ wá, ó ní kí Ouma ṣá gbàdúrà. Ouma ní àwọn ti gbàdúrà, òkúta ló kù. Mo wò wọ́n níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá ife tíì tó wà níwájú wọn gan-an, mo sì mọ̀ pé nítorí àṣẹ ọmọkùnrin kan, ìyá àgbà mi yóò fọ́jú pátápátá. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, inú bíbí yẹn ló sì ṣí mi níyè. Òkúta inú ọgbà, ohun tó sọ nìyẹn. Inú ọgbà!

Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mo ní kí oníkálukú mú òkúta kan láti ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Màmá rẹ ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n yọ ọ̀kan nínú òkúta ààrò wọn, oúnjẹ kò sì tíì jinná. Wọ́n ní tìrẹ àti tiwọn ni, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ti se gbogbo ohun tí o fi dàgbà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn àná, a lọ. Kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn fẹsẹ̀ rìn. Gerson dúró sẹ́nu géètì.

"Kí lẹ gbé dání yẹn, Mà?"

Màmá Lena ní, "Òkúta."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo ti sọ fún yín pé..."

"O ní ká má gbé òkúta inú ọgbà ẹ. Ìdí ìkòkò mi leléyìí ti wá. Wò ó, èédú ṣì wà lára ẹ̀. Àbí ìdí ìkòkò mi náà ti di ọgbà ìjọba?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè ti géètì. Immanuel ní, "Tì í. A ò kánjú. A gbé tíì wá." Ló bá tẹjú mọ́ wa títí, ó sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé lọ́jọ́ Ajé, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti dé, òun á ní kí wọ́n tú u ká.

Ibi tí Ouma ti fún un lésì nìyẹn. "Nígbà ayé ìyá àgbà mi, oníwàásù kan tú u ká. Nígbà ayé ìyá mi, olóko kan kó o lọ fi mọ ọgbà màlúù. Ẹni kẹta ni ẹ́. Àwọn méjì yẹn ti lọ, àwa la ṣì ń ju òkúta. Haiseb fúnra ẹ̀, ó kú, ó jí, ó tún kú, ó tún jí. Ṣé ìwọ Gerson, ọmọ ọmọ Katrina, lo máa wá pa á tán?"

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

A kó òkúta wa jọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òkúta ẹ̀yìnkùlé wa pupa, òmíràn funfun, òmíràn rí bí eérú. Ojú rẹ̀ hàn kedere láti ẹnu géètì. Kò ga ju orúnkún mi lọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti fi tiwọn sí i, mo mú Ouma dúró síwájú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ju òkúta tiwọn.

Kọ̀!

"Òkúta ta ló dáhùn yẹn?"

Mo ní ti ìdí ìkòkò Màmá Lena ni. Ouma mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kí dókítà máa bọ̀." Mo sunkún, Ottilie. N kò fi pa mọ́, ìwọ náà má ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Gerson dúró lókèèrè, ọwọ́ lápò. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, n kò sì bi í.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Bó bá tú u ká, kó tú u. Òkúta kò wọ́n lẹ́yìnkùlé wa, ọwọ́ wa kò sì tíì rọ. Lóṣù Kejìlá tí o bá ń bọ̀, má ṣe gbé ẹja nìkan wá fún mi. Bá mi mú òkúta kan létí òkun, kó tóbi, kí Haiseb mọ̀ pé o kò gbàgbé ọ̀nà ilé.

Bá mi kí Hendrik, kí o sì fẹnu ko ọmọ wa lẹ́rẹ̀kẹ́. Immanuel kí yín. Màmá rẹ ní kí o fi ìkòkò tuntun ránṣẹ́, kí o fi òkúta ààrò kan tì í. Ouma náà kí ọ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé bí Gerson bá tú òkìtì náà ká lọ́la, kó má dàámú wa, ojú ara àwọn làwọn á fi ṣa òkúta tó kàn.

                                                  Èmi ni tìrẹ, tí kò ní tilẹ̀kùn mọ́ ọ láé,
                                                  Hulda.