Olúwarótìmí Ayọ̀rìndé (1971–2024), Ẹni Tí Gbogbo Wáyà Pàdé Lọ́wọ́ Rẹ̀

A bí Olóògbé Olúwarótìmí Ayọ̀rìndé ní Ìgèdè-Èkìtì ní ọdún 1971. Bàbá rẹ̀ ni Olóògbé Ọládipúpọ̀ Ayọ̀rìndé, àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá rẹ̀, Màmá Títílayọ̀, wà láyé. Òun ni ó ń sin ọmọ lónìí.

Ọdún 1984 ni bàbá kú, olóògbé sì fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń ta iṣu ní Fájuyì ní Adó. Ilé-ìwé alẹ́ ni ó ti gba ìwé mẹ́wàá ní 1993, lẹ́yìn tí ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ Monínúọlá ní 2001 ní ìjọ Áńgílíkà. Àkọ́bí wọn kú ní 2003.

Ní 2009, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Adó gbà á láti máa tọ́jú kọ́ọ̀ swíìṣì, ẹ̀rọ tí wáyà kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ibẹ̀ ti ń pàdé. Bí ẹ̀rọ náà bá kú, ilé kan kò ní gbúròó èkejì mọ́. Olóògbé bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀rọ kejì ní ìpàdé kan ní 2019. Alága ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ni ó ń ṣàkóso ayé, ẹ̀rọ kan tó ilé-ẹ̀kọ́ kan. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Olóògbé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ ọdún 2023, ẹnì kan yọ wáyà amúlétutù yàrá ẹ̀rọ náà, ó fi ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsìn síbẹ̀. Olóògbé ń kọrin nínú ìsìn, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ kankan má ṣe pa á jẹ. Ooru pa ẹ̀rọ náà. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lẹ́yìn ìsìn dúró lójijì, wọ́n sì lé olóògbé kúrò, wọ́n ní ó sùn lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ra ẹ̀rọ méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru pa olóògbé ní ọdún 2024, láìsí ẹni tí ó wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Nínú ilé wa, àwa ẹbí rẹ̀, ipasẹ̀ rẹ̀ ni a ń gbà bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń bínú sí àbúrò, Rótìmí ni àwọn méjèèjì ń pè. Láti ìgbà tí ó ti lọ, a kò pera wa mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni àwa náà ní.

Ó fi ìyá, aya, àwọn ọmọ rẹ̀ Ìyìn àti Oore-ọ̀fẹ́, àti ọmọ-ọmọ kan, Olúwanífẹ́mi, sílẹ̀.

Bí ẹni tí ó yọ wáyà náà bá jókòó láàárín wa lónìí, kí ó mọ̀ pé olóògbé mọ̀ ọ́n. Monínúọlá aya rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò dárúkọ ẹni náà. Ó ní ọmọ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Rótìmí, sùn un re. Kò sí ẹni tí yóò jí ọ mọ́ pé ẹ̀rọ ti kú.