Ẹ Ṣáà Jẹ́ Kó Tutù

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Wọ́n fa oògùn tuntun sí àbúrò mi lára lónìí. Alágídí mi. Oògùn pupa fòò. Dókítà ní ọ̀rá ni wọ́n fi wé e ní wóró-wóró tí ojú ò lè rí, kó má baà tú sójú ọ̀nà — ó di inú kókó jẹjẹrẹ kó tó tú. Alágídí wo ikùn ara rẹ̀: "Ayálégbé, palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́."

Ọjọ́bọ̀, 14
Ó jẹun. Ó tún ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Fíríìjì ilé ìwòsàn bàjẹ́. Apoògùn ní ká gbé ìgò tiwa lọ sílé di Ajé. Kó tutù, àmọ́ kò gbọdọ̀ dì. Aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo sáré gbé ìgò fún Màmá — "Ẹ ṣáà jẹ́ kó tutù o" — mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé, 25
Wọ́n ti fa ìkejì. Nọ́ọ̀sì yẹ ìgò wò, kò rí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 28
Èébì. Ẹnu rẹ̀ bó. Kò rí báyìí nígbà àkọ́kọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 30
Màmá ń fọ abọ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní ìgbà tí iná ń ṣe ségesège lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ki ìgò bọ àárín yìnyín, ó dì gbagidi, àwọn wá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ́ ọ kí n tó jí lọ́jọ́ Ajé. "Ọmọ mi ò ní lo oògùn tó ti bàjẹ́."
Mo pe apoògùn, mo ṣe bí ẹni ń béèrè fún ẹlòmíràn. Ó ní tó bá ti dì, ọ̀rá yẹn fọ́ nìyẹn. Oògùn á kàn tú káàkiri ara, á ṣe ẹni náà léṣe, kò sì ní dé ibi tí wọ́n rán an.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹrin
Mi ò tíì sọ. Màmá ń gbààwẹ̀ nítorí Alágídí. Ẹnu mi wúwo.

Ọjọ́ Ajé, 22
Àwòrán inú ikùn jáde. Ayálégbé ti fẹ yàrá sí i. Dókítà ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́ fún Alágídí, àwọn á dá a dúró. Kò sí òmíràn. Mo la ẹnu. Màmá ti ṣáájú mi: "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ má dá a dúró. Èmi fúnra mi ni mo tọ́jú ìkejì yẹn. Àárín yìnyín ni mo fi í sí, ó le bí òkúta."
Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé fún wọn. Ó ní bóyá ara Alágídí á lè gba ìgò kan sí i, ká máa wò ó ná. Ojú Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Alágídí di ọwọ́ Màmá mú.
Nínú ọkọ̀, Màmá yíjú sí mi. Ohùn wọn ò ju ti ọmọdé lọ. "Ṣebí o ní kó tutù?"
Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo ní kó tutù.