Eyín Irin Tí Mo Rí Tí Mo Dákẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ìwé yìí dọ̀tí. Gírísì ni, mi ò tíì fọ ọwọ́.

Ọdún kejì rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, nínú àgbàlá wa ní Iléṣà, mo tún alùpùpù ọkọ mi ṣe. Mo pààrọ̀ ṣéènì, mo sì pààrọ̀ irin eléyín méjèèjì tó ń yí lé, kékeré ìdí ẹ́ńjìnnì àti ńlá tó wà lára táyà ẹ̀yìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é. Sípánà yín ni mo lò.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Baálẹ̀? Bí rélùwéè bá ti fún yín nísinmi, ẹ ó fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì alùpùpù yín, ẹ ó fi kọ́ ìṣó kó ro gbẹ. Èmi ni mo ń di agolo gírísì mú. Ẹ kọ́ mi kí n fi ìka fa ṣéènì lẹ́yìn irin ńlá. Bó bá gbéra tí mo rí eyín, ó ti gbó nìyẹn. Ẹ ní ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti jẹ ń wá ẹkún ni. Kí Ìyá tó ti ọjà dé, ẹ ó ti fi ọṣẹ dúdú bó ọwọ́ mi, torí wọn ò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn máa rùn bíi mẹkáníìkì. A ó wá jókòó bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Inú mi máa ń dùn.

Ọdún tí ogun parí tí mo wọlé ọkọ, mo sọ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi, Bàbá Ràṣídà, pé ṣéènì alùpùpù rẹ̀ ti dẹ̀ jù. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹ oúnjẹ mi.

Nítorí náà, nígbà tó ra ṣéènì tuntun lọ́dún yìí, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ náà ń fi í sí i, mo gbé omi lọ fún wọn, mo sì rí irin ẹ̀yìn. Eyín rẹ̀ ti jẹ, ó ti tẹ̀ bí èékánná àṣá. Mo gbé ọ̀rọ̀ mì, mo wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń ti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀sà-Òkè bọ̀, ṣéènì fò kúrò lórí eyín ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó há mọ́ táyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní. Ojoojúmọ́ ló ń bú ẹni tó ta ṣéènì fún un, ó ní olè ni. Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, tí mo ń gbọ́ èébú ẹni tí kò ṣẹ̀.

Lánàá, ó ní òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun lọ ra ṣéènì wá. Ṣéènì nìkan. Mo sáré bá ọ̀rẹ́ náà lójú ọ̀nà, mo ní kó ra irin méjèèjì mọ́ ọn.

Nígbà tí mo ṣe tán láàárọ̀ yìí, mo gbé irin tó ti jẹ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ rẹ̀. Ó fi ìka kan eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá Ràṣídà, o rí i lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo rí i, Bàbá Ràṣídà. Ẹ forí jì mí.”

Ó gbé irin náà, ó tiro jáde lọ jókòó ti alùpùpù. Ẹ̀kọ rẹ̀ ti tutù síbí.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi láti fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí Ìyá rí i? Wọn ì bá bínú lọ́jọ́ kan, kó sì tán síbẹ̀. Mo fẹ́ràn yín, inú yín sì ń bí mi.

Ó ti ń pè mí. Mi ò mọ̀ bóyá ìjà ni, tàbí ó fẹ́ kí n wá fi bí mo ṣe ṣe é han òun. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Mi ò ní fọ ọwọ́. Báyìí ni mo ṣe ń lọ bá a.

Ẹ sùn ire, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń di agolo gírísì mú.