Kóòtù Dúdú Lábẹ́ Igi Ẹ̀yìnkùlé

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onífọ́tò Igi, ọmọ káfíńtà, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá bá mi ṣírò. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni alámòójútó, nítorí ẹ kò ní gba owó iṣẹ́.

1. Ilé yìí di ti ìyá yín, pẹ̀lú igi ńlá ẹ̀yìnkùlé.

Àbúrò mi káfíńtà ti ń fojú pákó wo igi yẹn tipẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, igi yìí ti kú, ojú ló kàn ń tì í láti wó.”

2. Nítorí náà, àbúrò mi ni mo fi kámẹ́rà mi fún, èyí tí mo fi ọ̀bẹ ìdáná tú gíláàsì kékeré inú rẹ̀ kúrò, kó lè máa rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí. Lọ́dọọdún, kó fi ya igi náà nínú oòrùn. Nínú fọ́tò, ewé tó bá yè á funfun bí òwú. Ọdún tí ewé bá jáde ní dúdú, kó gbé ayùn wá. Kó tó dìgbà náà, ayùn kò gbọdọ̀ wọ géètì.

3. Adìyẹ wa di ti alágbàfọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kúkú ń yé sí.

4. Kóòtù dúdú mi, n kò fún ẹnikẹ́ni. Òun ni kí ẹ wọ̀ fún mi lọ.

Aránṣọ ni ìyá yín, opó ni nígbà tí a pàdé, ó sì ti búra pé òun kò ní wọ funfun fún ọkùnrin kankan mọ́. Ó fi ìyókù aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú tó wọ̀ rán kóòtù náà fún mi. Ọjọ́ tó gbé e wá, mo ń ya igi, ó sì dúró nídìí rẹ̀ nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Aró aṣọ yẹn, ojú èèyàn nìkan ló lè tàn jẹ: nínú fọ́tò, funfun báláú ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Igi ti sọ mí di ìyàwó, ìwọ ṣì ń di kámẹ́rà mú.”

A kò ya fọ́tò ìgbéyàwó. Onífọ́tò kan ṣoṣo tí mo lè san owó rẹ̀ ni èmi.

5. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ ṣí pósí mi lábẹ́ igi náà. Kí ìyá yín wọ aṣọ dúdú ọjọ́ yẹn. Ó ní ó ṣì gba òun, n kò sì ní jiyàn nínú ìwé òfin. Kí àbúrò mi yà wá: igi funfun, ìyàwó funfun, ọkọ funfun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó. N kò ní ṣẹ́jú.

Mo fọwọ́ sí i, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.
Onífọ́tò Igi

Ẹlẹ́rìí: Atúnbàtàṣe òpópónà wa
Ẹlẹ́rìí: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
(Alágbàfọ̀ kò lè ṣẹlẹ́rìí, ó ti gba adìyẹ.)