Orúkọ tí Bakita Mímọ́ Gbàgbé

Ìtapàjí-Èkìtì, 2002

Ìtùnú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìkókó. Ara bàbá rẹ ti yá.

O ní Bakita nìkan lẹ máa sọ ọmọ náà, torí ahọ́n àwọn ará Ítálì tí ẹ ń bá gbé kò lè pe orúkọ Yorùbá. Mo ka ìtàn ẹni mímọ́ náà fúnra mi ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Àwọn tó jí i gbé ní kékeré ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù mú kó gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún un, títí ó fi kú.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ fi Bakita ṣèrìbọmi fún un, kí ẹni mímọ́ náà máa bá a gbàdúrà. Ṣùgbọ́n Àrìnkẹ́ ni oríkì tí mo fún un. Máa fi kí i tí o bá ń wẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run á wò ó. Kò sẹ́ni tó jí tiwa gbé.

Ìyá rẹ àgbà,
Christiana